Alùpùpù Tó Bá Wọlé Bí Àlejò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Lọ́kọ́ja, ẹ̀yin ọmọ mi, ìròyìn yín ti dé etí mi. Àwọn kan nínú yín tó ń gun alùpùpù ńlá, tí ìró rẹ̀ máa ń jí wa láàárọ̀ Sátidé láti Felele dé oríta Ganaja, ti ń kó ara wọn jọ láti gun ún lọ sí Kòtònú, Lomé àti Accra ní ìparí ọdún. Àwọn mìíràn ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nílùú Ọba tó fẹ́ gun tirẹ̀ láti ọ̀hún wá sílé, kó wá wo ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, kó gun òkè Patti, kó sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Èrò rere ni. Èmi kọ́ ni n ó dá ẹsẹ̀ yín dúró.

Ẹ ti béèrè táyà tó dára. Ẹ ti béèrè àṣíborí, jákẹ́ẹ̀tì, ilé epo àti ibi tí ẹ ó sùn sí. Ohun tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú yín ni ìwé tí alùpùpù fúnra rẹ̀ yóò fi wọ ilẹ̀ onílẹ̀, àti èyí tí yóò fi jáde níbẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù wà lápò, ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí rárá. Páásípọ́ọ̀tù gba ẹni tó ni ín kọjá ni, kò gba alùpùpù kọjá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde lẹ́nu ibodè. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Lójú aṣọ́bodè, ohunkóhun tó ní ẹ́ńjìnnì tó bá fẹ́ la ààlà kọjá, ọjà ni, ọjà a sì máa san owó ibodè. Òun kò rí inú yín. Kò mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ fi ṣe fàájì dé etí òkun ni tàbí ẹ fẹ́ lọ tà á fún ẹlòmíràn ní ọjà Dantokpa ní Kòtònú. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi jókòó ní New York lọ́dún 1954, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé ẹni tí kì í gbé nílùú kan lè mú ọkọ̀ tàbí alùpùpù rẹ̀ wọ ibẹ̀ láìsan owó ibodè, bí ó bá ti lè fi ìwé fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé yóò mú un jáde kí ọjọ́ tó pé. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ìlérí ni ẹ ń ṣe lẹ́nu ibodè. Ọjọ́ tí ẹ bá wọlé lẹ ṣí i. Títí wọn yóò fi lu òǹtẹ̀ ìjáde fún yín, ìlérí náà ṣì wà lọ́rùn yín, ì báà jẹ́ pé ẹ ti délé, ẹ ti wẹ̀, ẹ ti sùn.

Ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa, ọ̀rọ̀ náà rọrùn díẹ̀. Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ọdún 1979, ní Dakar, ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó fún ọmọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti wọ ilẹ̀ ẹnìkejì láìgba físà fún 90 ọjọ́. Ẹsẹ̀ karùn-ún àdéhùn náà sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ènìyàn ń lò fún ara rẹ̀ lè dúró fún 90 ọjọ́. Ti akérò àti akẹ́rù kò gbọdọ̀ ju 15 ọjọ́ lọ, kò sì gbọdọ̀ ṣòwò kankan níbẹ̀. Ìwé mẹ́rin ni wọ́n ní kí ọlọ́kọ̀ mú dání: láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, ìwé tó fi hàn pé òun ló ni ọkọ̀, inṣọ́ránsì tí gbogbo wọn mọ̀, àti ìwé ibodè tí gbogbo wọn fọwọ́ sí. A máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń pariwo lẹ́nu ibodè pé, "ECOWAS ni wá, kí lẹ tún ń wá?" Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ka ìdajì òfin ni. Òfin kan náà tó ṣí ilẹ̀kùn ló ka ìwé mẹ́rin sílẹ̀.

Inṣọ́ránsì tí mo wí yẹn ni Bùráùn Káàdì, tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní Kòtònú lọ́dún 1982. Ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì níhìn-ín náà ló ń fún ni. Ẹ má ṣe fi í ṣeré. Bí ẹ bá fi alùpùpù kọ lu ọmọ ọlọ́mọ ní Ouidah ní ilẹ̀ Benin, inṣọ́ránsì tó mọ sí Nàìjíríà nìkan kò ní dá yín lóhùn. Bùráùn Káàdì ló ń bójú tó ẹni tí ẹ ṣe léṣe nílẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, àpò ara rẹ̀ àti àpò ẹbí rẹ̀ ni yóò ti san án.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ìwé ibodè gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

Èyí tí ayé mọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní carnet de passages en douane. Carnet lásán ni àwọn tó ń gun alùpùpù la ayé já ń pè é. Ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti forúkọ alùpùpù sílẹ̀ ló máa ń fún ni. ADAC ló ń ṣe é ní Jámánì. Wọn kò ní fún ẹnikẹ́ni láìgba owó ìdúró, nítorí àwọn ni onídùúró rẹ̀. Bí alùpùpù náà bá wọ ìlú kan tí kò jáde mọ́, ọwọ́ onídùúró ni ìjọba ibẹ̀ yóò ti gba owó ibodè, onídùúró náà yóò sì yọ ọ́ nínú owó tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọdún kan ni ìwé náà máa ń lò kó tó kú.

Ojú ewé kọ̀ọ̀kan rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Nígbà ìwọlé, aṣọ́bodè yóò kọ ọjọ́ sí i, yóò lu òǹtẹ̀, yóò ya apá kan mú. Nígbà ìjáde, òmíràn yóò tún lu òǹtẹ̀, yóò ya apá kejì mú. Apá kẹta kì í kúrò nínú ìwé. Òun ni òǹtẹ̀ méjèèjì máa ń jọ wà lára rẹ̀, ti ìwọlé àti ti ìjáde. Apá kẹta yìí ni ẹ̀rí yín lọ́jọ́ tí onídùúró bá pè yín. Bí àyè ìjáde bá ṣófo, lójú ìwé, alùpùpù náà ṣì wà nílùú tí ẹ ti kúrò, kódà bí ó tilẹ̀ dúró lẹ́bàá ògiri ilé yín.

Aṣọ́bodè tó mọṣẹ́ kì í fi etí gba nọ́ńbà. Yóò ní kí o yí ọwọ́ alùpùpù sápá kan, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò fi àkísà nu eruku kúrò lọ́rùn irin níbi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣásì sí, yóò wá máa ka lẹ́tà àti òǹkà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka rẹ̀ á sì máa tẹ̀lé e lórí ìwé. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ọ̀rọ̀ di ti ọ̀gá àgbà. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ ti nu ọrùn irin yẹn fúnra yín, kí ẹ fi ojú ara yín kà á mọ́ ìwé. Ẹni tí mẹkáníìkì bá sì ti bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì láti ọjọ́ yìí wá, kó lọ tún ìwé rẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún un kó tó sún mọ́ ẹnubodè. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tí kò bá ìwé mu máa ń mú kí wọ́n fura pé wọ́n jí alùpùpù náà ni, kò sì sí àlàyé tó ń dùn létí ẹni tó bá ti ń fura.

Ẹni tí kò bá ní carnet, Benin àti Togo máa ń ta ìwé ìyọ̀ǹda lẹ́nu ibodè, tí wọ́n ń pè ní laissez-passer tàbí passavant. Èyí ni ọ̀pọ̀ nínú yín yóò lò. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn láti Sèmè dé Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ṣùgbọ́n ìwé kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ wo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí kí ẹ tó kúrò níwájú tábìlì. Mo ti rí ẹni tó sanwó, tó dúpẹ́, tó sì lọ, tí kò mọ̀ pé ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n kọ fún un.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà, ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Òkun bíi yín, tó gun alùpùpù rẹ̀ láti òkè òkun wá kí àwọn òbí rẹ̀. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa nígbà tó ń wọlé. Nígbà tó ń padà, ilẹ̀ ti ń ṣú, òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Àwọn imigiréṣọ̀n lu òǹtẹ̀ fún páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ó rò pé ó ti bọ́. Ọ́fíìsì aṣọ́bodè wà lápá kejì, ẹni tó yẹ kó lu òǹtẹ̀ ti jáde lọ jẹun. Kò dúró. Ó ti pẹ́ tó ti délé kí ìwé onídùúró tó dé bá a: ojú ewé kan kò ní òǹtẹ̀ ìjáde. Owó ìdúró rẹ̀ wà nílẹ̀, wọn kò fún un. Ó wá di pé kó gbé alùpùpù lọ síwájú àwọn aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè tó ń gbé, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i, kí wọ́n ka nọ́ńbà ṣásì rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìwé pé ó wà lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n dá owó rẹ̀ padà nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn ìyọnu tí kò tọ́ sí i. Imigiréṣọ̀n yàtọ̀ sí aṣọ́bodè, ẹ̀yin ọmọ mi. Òǹtẹ̀ ti ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ fún èkejì. Ní àwọn ẹnubodè kéékèèké, ọ́fíìsì méjèèjì lè jìnnà síra wọn, kó jẹ́ pé inú ìlú tó tẹ̀ lé e ni ẹ ó ti wá aṣọ́bodè kàn. Ẹ wá wọn kàn.

Ní báyìí, mo fẹ́ bá àwọn kan nínú yín sọ̀rọ̀ tó le díẹ̀. A mọ ọ̀nà tó gba Kàbà lọ sí Ìlọrin, tó tún gba ilẹ̀ Baruten dé Chikanda, tí ènìyàn fi ń bọ́ sí Nikki àti Parakou ní Benin. Alùpùpù dín lówó lọ́hùn-ún nígbà mìíràn. Àwọn kan ń rà á, wọ́n ń fi nọ́ńbà Benin sílẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n sì ń gun ún káàkiri Adankolo bí ẹni pé arìnrìn-àjò ni àwọn. Bí wọ́n bá dá wọn dúró, wọ́n á ní ìwé 90 ọjọ́ wà. Irọ́ ni. Ẹni tí kì í gbé nílùú ni òfin àlejò wà fún. Ìwọ tí ilé bàbá rẹ wà ní Lọ́kọ́ja, tí o ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, o kò lè ṣe àlejò ní Lọ́kọ́ja. Fàyàwọ́ ni orúkọ tí aṣọ́bodè yóò pè é, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e, owó tí o fi rà á yóò sì wọmi. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ tà wọlé láti orí ilẹ̀, tó fi jẹ́ pé èbúté nìkan ni ọkọ̀ lè gbà wọlé. Láti ìgbà náà ni ojú àwọn aṣọ́bodè ti le sí nọ́ńbà òkèèrè lójú pópó. Ohun tí ẹ ń ṣe yìí ló ń mú kí àlejò tòótọ́ máa jìyà. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Òyìnbó tó ń gun alùpùpù bọ̀ láti Abuja, tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré, tí wọ́n dá dúró fún wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà, ẹ̀ṣẹ̀ yín ló ń san.

Ọ̀rọ̀ ibodè kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa. Ìlú Yorùbá àtijọ́ ní oníbodè lẹ́nu odi tó ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ oníṣòwò. Ìlú tiwa yìí gan-an mọ̀ ọ́n ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 1886 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ilé iṣẹ́ Royal Niger Company láṣẹ lórí Odò Ọya. Ilé iṣẹ́ náà sọ àwọn ará Nembe di àjèjì lórí odò tí wọ́n ti ń ná láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ń gba owó ibodè àti owó ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn títí òwò wọn fi kú. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1895, Ọba Koko ti Nembe kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ kọ lu ibùdó ilé iṣẹ́ náà ní Akassa. Ẹ̀mí ṣòfò lọ́hùn-ún, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì sì gbẹ̀san, ẹ̀mí tún ṣòfò ní Nembe. Ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1900 ni wọ́n sọ àsíá ilé iṣẹ́ náà kalẹ̀ níhìn-ín ní Lọ́kọ́ja, tí Lugard fi àsíá Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀. Àwọn èèyàn ìgbà náà kò ní ìwé kankan tí wọ́n lè fi sọ pé, "Mo ń kọjá ni, n ó padà." Ẹ̀yin ní in. Ó dùn mí tí ẹ bá ń fi í wọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ ṣe irú ìrìn yìí. Ta ni kò mọ Ọlábísí Àjàlá, tó gun Vespa yí ayé po láti ọdún 1957? Ní àìpẹ́ yìí, Kunle Adeyanju, ọmọ ẹgbẹ́ Rotary, gbéra ní Lọ́ndọ́nù ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2022, ó gun alùpùpù la Faransé, Sípéènì, Mòrókò àti aṣálẹ̀ kọjá, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, gbogbo rẹ̀ láti fi kó owó jọ lòdì sí àrùn rọpárọsẹ̀. Pelumi Nubi ọmọbìnrin wa fi mọ́tò kékeré Peugeot wa ọ̀nà Lọ́ndọ́nù sí Èkó lọ́dún 2024. Àwòrán ìdùnnú la máa ń rí nígbà tí irú wọn bá dé. Kí ẹ ronú nípa iye tábìlì aṣọ́bodè tó wà láàárín.

Ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú Ọba, ẹ bá mi sọ fún un pé ọwọ́ ọ̀tún là ń gbà nílẹ̀ wa láti oṣù Kẹrin ọdún 1972. Iná iwájú ọ̀pọ̀ alùpùpù tí wọ́n ṣe fún apá òsì máa ń tàn sójú ẹni tó ń bọ̀, kó tún un ṣe kó tó dé.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sọ̀rọ̀ Agadez àti Bamako, ẹ fara balẹ̀. Mali, Burkina Faso àti Niger ti fi ECOWAS sílẹ̀ láti ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aṣojú wọn kí ẹ tó gbéra. Ibodè lè yí padà lọ́wọ́ kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí mẹ́rin: Sèmè, Illela, Maigatari àti Mfum. Bí irú rẹ̀ bá ká yín mọ́ ọ̀nà, ẹ má ṣe jókòó máa wo ọjọ́ kó pé. Ẹ tọ aṣọ́bodè tó súnmọ́ yín lọ kí ìwé tó kú, ẹ kọ̀wé béèrè àfikún ọjọ́, ẹ gba èsì tó ní òǹtẹ̀.

Bí alùpùpù bá jóná tàbí tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe nínú ìjàǹbá, ẹ má ṣe fi egungun rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kí ẹ wọ mọ́tò wálé. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹ lọ bá aṣọ́bodè. Òfin fún yín láyè láti fi í sílẹ̀ fún ìjọba, tàbí kí wọ́n bà á jẹ́ lójú wọn, tàbí kí ẹ san owó ibodè lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe tà á, ẹ má ṣe fi tọrẹ, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ pé ẹ ń padà bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Owó tí kò ní rísíìtì ńkọ́? Ẹ kí ènìyàn dáadáa, ẹ bọ́ àṣíborí, ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá dá owó lé yín, ẹ sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ rísíìtì rẹ̀." Ẹ máa fi sùúrù sọ ọ́, kódà bí oòrùn bá ń pa yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀nà inú igbó hàn yín pé ó yá jù. Ẹni tó bá gba inú igbó wọlé kò ní òǹtẹ̀ ìwọlé, ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ ìwọlé kò sì ní ibi tí wọn yóò lu ti ìjáde sí.

Kí ẹ tó gbéra ní oṣù Kejìlá, ẹ kó ìwé yín wá sílé mi, gbogbo yín, títí kan ẹni tó dá a lójú pé tirẹ̀ pé. Kí ẹ yan ẹnì kan láàárín yín tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju kíka òǹtẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì ti dé Hilla-Condji, níbi tí Benin ti parí, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má tan ẹ́ńjìnnì títí ẹni yẹn yóò fi rí òǹtẹ̀ ìjáde lórí ìwé olúkúlùkù yín.